Àbúrò Mi, Kó O Tó Náwó sí Kẹ̀kẹ́ Ọmọ

Àbúrò mi, mo gbọ́ pé oṣù ọmọ rẹ ti ń kù sí dẹ̀dẹ̀, mo sì gbọ́ pé fóònù rẹ ti kún fún àwòrán kẹ̀kẹ́ ọmọ lóríṣiríṣi. Inú mi dùn púpọ̀. Ṣùgbọ́n kó o tó fi kọ́bọ̀ kan ránṣẹ́ sí oníṣòwò kankan, gbé fóònù yẹn sílẹ̀ ná. Dìde, kó o lọ dúró síbi tí kẹ̀kẹ́ náà yóò máa wà láti àárọ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Wo ibẹ̀ dáadáa. Bó bá jẹ́ Mùṣin níbí lò ń gbé, tó o sì ń ṣiṣẹ́ ọwọ́ tàbí tó o ń tajà, mo mọ̀ pé ibi tó o máa dúró sí yẹn kì í ṣe ojú títì. Ṣọ́ọ̀bù ni, tàbí ọ̀dẹ̀dẹ̀, tàbí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ, tàbí abẹ́ agboòrùn ńlá níwájú ilé.

Ohun tí mo fẹ́ bá ọ sọ gan-an nìyẹn. Àwọn tó ń polówó kẹ̀kẹ́ ọmọ máa ń fi obìnrin kan hàn wá tó ń tì í lọ jẹ́jẹ́ lórí kóńkéré dídán, igi lápá ọ̀tún, òdòdó lápá òsì. Kẹ̀kẹ́ tiwa kì í rìn tó bẹ́ẹ̀. Ìdúró ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ àti ọ̀já ni yóò máa gbé ọmọ rìn. Kẹ̀kẹ́ ni yóò máa gbà á lọ́wọ́ rẹ nígbà tó o bá dé ìdí iṣẹ́. Tó o bá ti fi èyí sọ́kàn, owó tó o máa ná á dín kù, ohun tó o máa rà á sì wúlò fún ọ ju èyí tó wà nínú àwòrán lọ.

Rò ó wò ná. Ní Ìdí-Oro, ní Olósà, lẹ́bàá Agége Motor Road tàbí Ìsọlọ̀ Road, ta ló rí ẹ̀gbẹ́ títì tó ṣófo fún ẹlẹ́sẹ̀ láti gbà kọjá? Ibi tí atẹ tòmátò kò bá sí, ọkọ̀ ni wọ́n gbé síbẹ̀. Ibi tí ọkọ̀ kò bá sí, gọ́tà tó la ẹnu sílẹ̀ ni. Tó o bá ti kẹ̀kẹ́ dé etí gọ́tà, gbígbé lo máa gbé e, tòun tọmọ tòun tẹrù, ẹni tó ń kánjú bọ̀ lẹ́yìn rẹ á sì máa pariwo pé kó o yà fún òun.

Èéfín tún wà níbẹ̀. Lọ́dún 2018, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Surrey nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́ di mímọ̀ pé ọmọ tó wà nínú kẹ̀kẹ́ lẹ́bàá títì lè fa afẹ́fẹ́ ìdọ̀tí símú ju òbí tó ń tì í lọ, pé ó tiẹ̀ lè fi ìdá 60 nínú 100 ju ti òbí lọ. Ìdí rẹ̀ ni pé ibi tí imú ọmọ wà nínú kẹ̀kẹ́ kò tó mítà kan sí ilẹ̀, ibẹ̀ sì ni ẹnu sàláńsà ọkọ̀ kọjú sí. Bó bá rí bẹ́ẹ̀ nílùú tí wọ́n ti ń yẹ èéfín ọkọ̀ wò lọ́dọọdún, kí la fẹ́ sọ nípa dánfó tó ń tú èéfín dúdú ní Ojúwoyè lágogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́? Ẹ̀yìn rẹ ga ju ibẹ̀ lọ. Bí ọrùn ọmọ bá ti ń le, pọ̀n ọ́n kọjá níbẹ̀.

Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tìtorí ọ̀já fojú ará oko wò ọ́. Nọ́ọ̀sì ará Amẹ́ríkà kan wà tó ń jẹ́ Ann Moore. Ní àwọn ọdún 1960, ó wá bá Peace Corps ṣiṣẹ́ ní Tógò, lẹ́bàá wa níbí, ó sì rí bí àwọn ìyá ibẹ̀ ṣe ń pọn ọmọ, tí ara ọmọ ń balẹ̀. Nígbà tó padà sílé tó bí tirẹ̀, ó fẹ́ pọ̀n ọ́n bí wọ́n ṣe ń pọ̀n ní Tógò, àmọ́ aṣọ kò dúró dáadáa. Ni òun àti ìyá rẹ̀ bá rán àpò kan tí wọ́n fi ń so ọmọ mọ́ra. Wọ́n gba ìwé àṣẹ lórí iṣẹ́ náà ní 1969, wọ́n sọ ọ́ ní Snugli, ó sì di ohun tí wọ́n ń tà káàkiri Amẹ́ríkà. Torí náà, àwọn ìyá Tógò wà nídìí àpò ìgbọ́mọ táwọn tó rí já jẹ ń so mọ́ àyà kiri lónìí.

Kí wá ni kẹ̀kẹ́ fẹ́ bá wa ṣe? Wo ìyá tó ń ta pròfísọ̀n. Ó gbọ́dọ̀ gbé páálí mílíìkì sọ̀ kalẹ̀, kó wá ṣéńjì, kó gbálẹ̀, kó jẹun. Ọmọ kò lè wà lẹ́yìn fún gbogbo ìyẹn látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ibo ni wọ́n máa ń tẹ́ ẹ sí? Inú páálí, orí bẹ́ǹṣì, orí ẹní lábẹ́ tábìlì níbi tí eruku wà, tí ẹsẹ̀ oníbàárà wà, tí eku náà ń gbà kọjá. Ọmọ tí kò lè yí lórí bẹ́ǹṣì lánàá lè yí lónìí, kò sì ní kọ́kọ́ sọ fún ìyá rẹ̀. Bákan náà, tó bá jẹ́ iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbẹ̀bí rẹ, wọ́n á ní kó o má gbé ẹrù wúwo fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ojú ọgbẹ́ kò sì ní jẹ́ kó o lè so ọ̀já le. Ní irú àkókò yẹn, ibi tó ga kúrò nílẹ̀, tó ní bẹ́líìtì, tó sì ṣeé fà súnmọ́ra, ìrànlọ́wọ́ gidi ni.

Aránṣọ kan wà nítòsí Ìdí-Àràbà tí ètò rẹ̀ wù mí. Àárín ògiri àti ẹ̀rọ ni kẹ̀kẹ́ ọmọ rẹ̀ wà. Orí ọmọ wà lápá inú, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lápá ìta, kí oòrùn má bàa mú un lójú. Ó fi pẹ́ẹ̀gì ìsáṣọ há nẹ́ẹ̀tì mọ́ etí ìbòrí kẹ̀kẹ́ yíká. Áyọ́ọ̀nù wà ní kọ̀rọ̀ kejì, okùn rẹ̀ kò sì débi tọ́wọ́ ọmọ lè tó. Ó ti tẹ bíréèkì táyà ẹ̀yìn méjèèjì, síbẹ̀ ó tún fi ààbọ̀ búlọ́ọ̀kù dí ti iwájú, nítorí pé sìmẹ́ǹtì ṣọ́ọ̀bù náà ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ díẹ̀ sápá gọ́tà. Bí ọmọ bá ké, ọwọ́ òsì á lọ síbẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún kò ní kúrò lórí aṣọ. Kẹ̀kẹ́ náà kì í ṣe tuntun, kò sì lórúkọ, ṣùgbọ́n mi ò tíì rí èyí tó bá àyè rẹ̀ mu tó bẹ́ẹ̀.

Ohun àkọ́kọ́ tó o máa wò nídìí kẹ̀kẹ́ ni ibi ìsùn, mi ò sì ní gbà kó o fi ẹwà tàbí ẹ̀dínwó rọ́pò rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ lè nà gbalaja. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ tó wà lọ́jà gan-an ló ń mú kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọrùn ìkókó kò lágbára. Bó bá jókòó gànràngànràn, àgbọ̀n rẹ̀ á wá sílẹ̀ kan àyà, ọ̀nà tí èémí ń gbà á sì há, kò sì ní lè gbé orí ara rẹ̀ sókè. Títí tí ọmọ yóò fi tó nǹkan bí oṣù 6, tó bẹ̀rẹ̀ sí í dá jókòó láìfaratì nǹkan, ẹ̀yìn rẹ̀ ló yẹ kó máa fi lélẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́. Nígbà tó o bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tà á, ní kó tẹ́ ẹ dé ibi tó lè tẹ́ dé, kó o wá bẹ̀rẹ̀, kó o wò ó láti ẹ̀gbẹ́. Bí ibi orí bá ṣì ga bí ìgbà téèyàn rọ̀gbọ̀kú sórí àga, ti ọmọ tó ti dàgbà díẹ̀ nìyẹn. Fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ìdí rẹ̀: bó bá jìn wọlé bí àpò, fi í sílẹ̀.

Èyí tí wọ́n ń ká bí agboòrùn ni yóò kọ́kọ́ wù ọ́, torí pé ó fúyẹ́, owó rẹ̀ kò sì ga. Ọkùnrin Gẹ̀ẹ́sì kan ló ṣe àgbékalẹ̀ irú rẹ̀ ní 1965, Owen Maclaren lorúkọ rẹ̀. Ẹnjiníà ọkọ̀ òfuurufú ni, ó lọ́wọ́ nínú ẹsẹ̀ tí bàálù ogun Spitfire fi ń balẹ̀, ìmọ̀ yẹn ló lò láti fi alumíníọ̀mù ṣe kẹ̀kẹ́ tó fúyẹ́ tó sì ń ká. Iṣẹ́ ọpọlọ gidi ni, mo sì bọ̀wọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú irú rẹ̀ kì í tẹ́, aṣọ rẹ̀ sì máa ń jìn. Tó o bá fẹ́ ra irú ẹ̀, dúró kí ọmọ rẹ kọ́kọ́ máa jókòó. Àìmọye ìyá ló ń rà á kí wọ́n tó bímọ, tí yóò wá wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn fún oṣù mẹ́fà.

Lẹ́yìn ìyẹn, yá tẹ́ẹ̀pù lọ́wọ́ aránṣọ rẹ, kó o wọn ilé. Ọ̀pọ̀ wa ló ń gbé ilé fésìmí-áì-fésìyú, yàrá kọjú sí yàrá, ọ̀dẹ̀dẹ̀ wà láàrin. Ìwọ náà mọ ohun tó máa ń wà nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn: sítóòfù, kẹ́ẹ̀gì omi, bàtà gbogbo ará ilé, nígbà míì alùpùpù bàbá onílé. Wọn ibi tó há jù lọ níbẹ̀, má wọn ibi tó fẹ̀. Ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ ọlọ́mọ kan máa ń fẹ̀ tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 60 láti táyà dé táyà. Ti ìbejì tí wọ́n jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn máa ń tó 75, ọ̀pọ̀ ilẹ̀kùn yàrá wa kò sì ní gbà á wọlé. Bó bá jẹ́ pé ìbejì ni wọ́n rí nígbà tí wọ́n yà ọ́ wò, tí ìran wa sì mọ̀ wọ́n bí, èyí tí ọ̀kan jókòó síwájú tí ìkejì wà lẹ́yìn ni kó o wá. Ó gùn, ṣùgbọ́n ó gba ẹnu ọ̀nà kọjá.

Wo ibi tí yóò sùn lálẹ́ pẹ̀lú. Tó o bá fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ mọ́jú, má bínú tó o bá jí tó o rí aṣọ inífọ́ọ̀mù ọmọ aládùúgbò tí wọ́n sá sórí rẹ̀, tàbí tó ò tiẹ̀ bá a mọ́. Ó yẹ kó lè ká, kó sì lè dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn tàbí kó wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Tó bá jẹ́ òkè lò ń gbé, ní kí wọ́n ká a, kó o fi ọwọ́ kan gbé e, kó o rìn yíká ṣọ́ọ̀bù wọn. Àwọn tó fúyẹ́ máa ń wọ̀n tó kílò 6 tàbí 7. Àwọn gàgàrà tó ní gbogbo ẹ̀ṣọ́ lè tó kílò 13 tàbí jù bẹ́ẹ̀. Ìwọ̀n yẹn, àti ọmọ lẹ́yìn, lórí àtẹ̀gùn tí kò ní iná: fojú inú wò ó kó o tó sanwó.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ kò gùn. Láti September 1, 2022, ìjọba Èkó ti fòfin de ọ̀kadà ní Mùṣin, nítorí náà kẹ̀kẹ́ Márúwá àti dánfó lo máa bá rìn. Kẹ̀kẹ́ ọmọ tó bá ká dáadáa á wà lẹ́yìn Márúwá tàbí kó wà ní ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ. Èyí tí kò bá ká, awakọ̀ á gba owó èèyàn méjì lórí rẹ̀. Tó o bá ń wọ ọkọ̀ ojú irin Red Line, tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní October 2024 tó sì ń dúró ní Mùṣin àti Yábàá, ká kẹ̀kẹ́ kó o tó wọlé, kó o sì pọn ọmọ. Lásìkò tí àwọn òṣìṣẹ́ ń rọ́ wọkọ̀ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, má tiẹ̀ gbé e jáde rárá.

Ó kan owó. Láti ìgbà tí wọ́n ti tú náírà sílẹ̀ kó máa wá iye ara rẹ̀ ní June 2023, ohunkóhun tó bá ti òkè òkun wá kò rí bíi tàná mọ́, kẹ̀kẹ́ ọmọ wà lára wọn. Mi ò ní dá iye kan fún ọ torí pé kó o tó ka èyí tán ó lè ti yí. Ohun tí mo lè sọ ni ibi tí owó ń bá lọ. Ó ń bá orúkọ lọ. Ó ń bá àpapọ̀ mẹ́ta-nínú-ọ̀kan lọ, èyí tí wọ́n á fi àga ọkọ̀ àti apẹ̀rẹ̀ ìgbọ́mọ kún. Àga ọkọ̀ yẹn ṣe pàtàkì gan-an fún ẹni tó ní mọ́tò. Bí ẹ bá ní, ẹ rà á, ẹ má ra tòkunbọ̀ tí ẹ ò mọ ìtàn rẹ̀, nítorí èyí tó bá ti wà nínú jàǹbá rí lè ti sán nínú láìhàn síta. Ṣùgbọ́n tí ẹ ò bá ní mọ́tò, tó sì jẹ́ pé dánfó tí kò ní bẹ́líìtì kankan lẹ ń wọ̀, ẹ̀ ń sanwó fún ohun tí yóò di ibi tí ẹ ń kó aṣọ ìdọ̀tí sí. Má sì jẹ́ kí ọmọ máa sùn nínú àga yẹn nínú ilé látàárọ̀. Bó ṣe tẹ̀ yẹn, ọ̀rọ̀ orí tó ń wọ́ ni a tún padà dé.

Ọgbọ́n kan wà tí mo fẹ́ kó o lò. Nígbà ìsọmọlórúkọ, aṣọ ọmọ oṣù mẹ́ta ni gbogbo èèyàn máa ń rà, ọmọ á sì ti dàgbà jù wọ́n kó tó wọ ìdajì. Sọ fún ẹnì kan tó lẹ́nu lára àwọn ọ̀rẹ́ rẹ, kó bá ọ sọ ọ́ lórí WhatsApp ẹgbẹ́ yín pé kẹ̀kẹ́ lẹ fẹ́, kí wọ́n dáwó jọ. Tó bá jẹ́ pé o wà nínú àjọ, bẹ alájọ kó fi ọ́ sí oṣù tó o máa bí. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ìtìjú ni kí èèyàn ya owó elélé torí kẹ̀kẹ́ ọmọ.

Ó ku tuntun tàbí tòkunbọ̀. Èmi fara mọ́ tòkunbọ̀ tó dára ju tuntun olówó pọ́ọ́kú tí irin rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ lọ. O lè rí wọn láàárín òkìríkà ní Yábàá, ní Katangua, ní Aswani lọ́jọ́ Tuesday, tàbí lọ́wọ́ àwọn tó máa ń kó ẹrù kọ́ńtérà sílẹ̀ lẹ́bàá títì; àwọn ìyá tí ọmọ wọn ti dàgbà náà ń tà á lórí ìkànnì Jiji. Má dá lọ, má sì fi alẹ́ lọ. Má jẹ́ kí wọ́n fi ikùn rẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ń kán ọ lójú. Rán ẹ̀gbọ́n tàbí ọkọ lọ nájà, kí ìwọ dúró síbì kan.

Bó o bá dé ìdí rẹ̀, tẹ́ ẹ, kó o ká a, lẹ́ẹ̀kan sí i àti lẹ́ẹ̀kan sí i, títí tí apá ẹni tó ń tà á yóò fi fẹ́ ro ó. Ibi tó ti ń ká ni ìjàǹbá máa ń wà. Ní November 2009, ilé iṣẹ́ Maclaren kan náà yẹn ní láti ké sí àwọn tó ní kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, nǹkan bí mílíọ̀nù kan kẹ̀kẹ́, nítorí pé ibi ìká rẹ̀ ti gé ṣóńṣó ìka àwọn ọmọ 12. Ohun tí wọ́n fún wọn ni aṣọ tí wọ́n fi ń bo ibi ìká náà. Irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ lè wọ kọ́ńtérà wá síbí láìsí aṣọ yẹn. Nítorí náà, fi ìka rẹ tọ oríkèé rẹ̀ nígbà tó ṣí sílẹ̀ àti nígbà tó ń ká: ibi tó bá ti fẹ́ há ọ lọ́wọ́, yóò há ọmọ. Ó sì gbọ́dọ̀ ní ohun tó máa ń ró kẹ́ tó bá ti dúró tán, tí kò fi ní ká lójijì pẹ̀lú ọmọ nínú.

Wá bẹ́líìtì olójú-márùn-ún: méjì láti èjìká, méjì láti ìbàdí, ọ̀kan láàárín itan. Bó bá jẹ́ ti ìbàdí nìkan ló kù, ọmọ á yọ̀ bọ́ sílẹ̀. Fà wọ́n dáadáa, torí bẹ́líìtì tó ti ń tú lẹ́tí kò ní pẹ́ já. Gbé àpò gàrí kílò 5 sínú rẹ̀, tẹ bíréèkì, kó o gbé e sórí ibi tó ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Kò gbọ́dọ̀ rìn rárá. Wo abẹ́ rẹ̀ àti ẹ̀yìn rẹ̀ fún bébà tí wọ́n kọ EN 1888 sí, òun ni òṣùwọ̀n tí àwọn ará Yúróòpù fi ń dán kẹ̀kẹ́ ọmọ wò. Bí kò bá sí, kì í ṣe pé kò dára, ṣùgbọ́n bó bá wà, ọkàn mi máa ń balẹ̀ díẹ̀ sí i.

Táyà kò ní gba àkókò wa púpọ̀, torí pé ìdúró ló pọ̀ nínú iṣẹ́ tiwa. Táyà onífọ́ọ̀mù tó tóbi díẹ̀ ti tó. Èyí tí wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn sí máa ń rìn jẹ́jẹ́ lórí kòtò, fọ́kanáísà sì wà ní gbogbo ìkòríta wa tí yóò bá ọ fẹ́ ẹ. Bí nọ́ọ̀tì kan bá bọ́ tàbí tí bíárì kan bá ń han, mú un lọ sí Ládipọ̀; ọjà tó ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ kò ní ṣaláìní nọ́ọ̀tì kékeré. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ irin ìdúró rẹ̀ ló kán tí wọ́n jó pọ̀, má rà á, bó ti wù kí wẹ́dà náà mọṣẹ́ tó.

Má gbàgbé ìdun. Mo ń sọ ọ́ jẹ́jẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ gidi ni. Yẹ abẹ́ fọ́ọ̀mù wò, yẹ ojú rírán wò, ibi tó ṣókùnkùn ni wọ́n ń sá sí, àmì dúdú wínníwínní ni wàá kọ́kọ́ rí. Kó o tó gbé kẹ̀kẹ́ wọ yàrá, yọ gbogbo aṣọ rẹ̀ níta, rẹ wọ́n sínú omi gbígbóná pẹ̀lú ọṣẹ, kó o sá wọn sóòrùn gan-an títí wọ́n á fi gbẹ dénú. Fi búrọ́ọ̀ṣì fọ irin rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ tí aṣọ rẹ̀ kò bá ṣeé yọ fọ̀ kì í ṣe ti ọmọ tó máa ń pọ èébì.

Nígbà tó bá ti wà ní ṣọ́ọ̀bù, nẹ́ẹ̀tì ni kó o máa fi bo ọmọ, má fi ìró tàbí ṣọ́ọ̀lì bò ó. Mo mọ̀ pé oòrùn ni ò ń sá fún, ṣùgbọ́n aṣọ tó bá dí ẹnu kẹ̀kẹ́ á há afẹ́fẹ́ gbígbóná mọ́ ọmọ nínú, kò sì ní pẹ́ rárá. Fa kẹ̀kẹ́ sábẹ́ òjìji dípò bẹ́ẹ̀. Gbé e jìnnà sí jẹnẹrétọ̀, tìrẹ àti ti aládùúgbò, torí pé èéfín tí kò ní òórùn wà lára ohun tó ń tú jáde, ó sì ń pa èèyàn. Má fi báàgì kọ́ ìdìmú rẹ̀. Bó o bá gbé ọmọ jáde, kẹ̀kẹ́ á ṣubú sẹ́yìn, bí ọmọ bá sì wà nínú rẹ̀, á bá a lọ. Má jẹ́ kí àwọn ọmọdé ilé máa tì í ṣeré nítòsí gọ́tà. Lálẹ́, gbé ọmọ kúrò nínú rẹ̀ lọ sórí ibùsùn tirẹ̀ tó tẹ́ tó sì le díẹ̀.

Ìyá ọkọ rẹ lè sọ pé ẹ̀ ń sọ ọmọ òun di ọmọ òyìnbó. Má bá a jiyàn. Jẹ́ kó rí i tó o pọn ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, tó o pọ̀n ọ́n padà, tó o wá tẹ́ ẹ sínú kẹ̀kẹ́ kó o tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjà. Àwọn ìyá wa kórìíra kí wọ́n fi ọmọ sílẹ̀ láìsí ẹni tó ń wò ó, mo sì gbà pé wọ́n jàre. Ọmọ tó wà ní ìwọ̀n ọwọ́ sí ọ kò sí lára ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ìyá ọkọ rẹ gan-an ló máa kọ́kọ́ fa kẹ̀kẹ́ náà mọ́ra lọ́jọ́ tó bá wá bá ọ jókòó sí ṣọ́ọ̀bù.

Bí ọmọ bá ti ń sáré kiri, fọ kẹ̀kẹ́ yẹn, kó gbogbo nọ́ọ̀tì àti nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sínú nylon kan, so ó mọ́ ọn. Tó o bá máa tà á, sọ ibi tó bá bàjẹ́ fún ẹni tó fẹ́ rà á. Tó o bá sì máa fi ta ẹnì kan lọ́rẹ, aboyún tó ń ta ẹ̀fọ́ níwájú ilé rẹ ni kó o kọ́kọ́ bi, kó o sì bá a wọn àyè rẹ̀ kó o tó gbé e lé e lọ́wọ́.